Adrian Mutu: Chelsea lé e dànù, kí ló dé tó tún jẹ wọ́n lówó?

Àkànní_UnderG (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn láàrin àwa ọmọ ilé-ìwé níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù ṣáájú wa bá wa dá sí i. Láti December 2024 tí wọ́n ti ní àyẹ̀wò oògùn Mudryk, agbábọ́ọ̀lù Chelsea, kò mọ́, kò sí ìgbà tí Chelsea ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnìkan kò ní nahùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ lọ bi Mutu!" Wọ́n ní ará Ròmáníà ni, atamátàsé Chelsea nígbà tí èmi ò tíì mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọsàn. Wọ́n ní ó fa kòkéènì, Chelsea lé e, ó wá di ẹni tó jẹ Chelsea ní mílíọ̀nù 17 yúrò.

Ibẹ̀ ni kò yé mi. Bí ọ̀gá bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣé èmi náà ni n ó tún wá owó lọ bá ọ̀gá? Rúùmeètì mi tó jẹ́ ọmọ Arsenal ní irọ́ pátápátá ni, pé kò sí kóòtù tó lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní òótọ́ ni, àmọ́ Juventus ló bá a san án. A ti fi àmàlà ta lórí ẹ̀, tòun tẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là á yé mi. Àti pé, ṣé bọ́ọ̀lù tiẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ yẹn?

Blues_Owódé (Ọ̀yọ́)

Kí ló le níbẹ̀? Ó fa ohun tí kò yẹ kó fà, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó tán. Rúùmeètì rẹ jẹ ọ́ ní àmàlà. Àwọn ọmọ Arsenal ò kúkú mọ ìtàn.

BàbáSẹ́ńtà_Tákíè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Àkànní, o kú ìbéèrè. Ìwọ Blues_Owódé, má bínú sí mi o, ọ̀tọ̀ ni ìtanràn, ọ̀tọ̀ ni gbèsè tí wọ́n ń sọ yìí. Ẹ fún mi láàyè kí n tò ó, nítorí ojú mi ló ṣe.

Èmi ni mo ń ṣí ilé ìwòbọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá Tákíè nígbà tí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní díìṣì. Pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń da dẹ́kìn la tò sórí búlọ́ọ̀kù, òun ni bẹ́ǹṣì. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tó jókòó lápá ibẹ̀ gbọ́ nǹkan tí òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ, torí náà ará iwájú ló máa ń sọ ọ́ fún ará ẹ̀yìn, tòun tàbùmọ́. Kó tó di 2003, ẹni tó bá ní kí n tẹ Chelsea fóun, Babayaro ló fẹ́ wò. Ìgbà tí Abramovich, olówó ará Rọ́ṣíà, ra ẹgbẹ́ náà ní ọdún yẹn ni nǹkan yí padà. Wọ́n ń ra Verón, wọ́n ń ra Crespo, wọ́n ń ra Makélélé, wọ́n ń ra Duff bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà Aráàdá. Mutu wà lára wọn. Mílíọ̀nù 22.5 yúrò ni wọ́n kó fún Parma lórí rẹ̀ ní August 2003. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn o, òun la ó fi ṣe ìṣirò nígbà tó bá yá.

Kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Abúlé Călinești ní Ròmáníà ni wọ́n bí i sí ní 1979, ó bẹ̀rẹ̀ ní Argeș Pitești, ó lọ sí Dinamo tó wà ní Bucharest, Inter Milan sì mú un lọ sí Ítálì ní January 2000. Kò ráyè ní Inter. Ó kọjá sí Verona, níbi tí òun, Gilardino àti Camoranesi jọ wà, síbẹ̀ Verona já wálẹ̀ ní 2002. Ẹni tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi, mo ń gbọ́. Parma ló ti wá gbiná: Adriano lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Prandelli ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, góòlù 18 ní líìgì lọ́dún kan ṣoṣo.

Ó dé Chelsea, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ pápá fún wọn, 23 August, ó gbá a wọlé Leicester. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbá a wọlé Blackburn. Nígbà tó di 13 September, Tottenham wá sí Stamford Bridge, Chelsea fi 4-2 rán wọn lọ sílé, méjì nínú mẹ́rin yẹn, Mutu ni. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta gúgúrú fún mi lẹ́nu ọ̀nà da abọ́ rẹ̀ nù, ó wọlé wá dìmọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Gbogbo ọmọ tó bá jẹ góòlù ní pápá ilé-ìwé lọ́sẹ̀ yẹn, Mutu ló ń pe ara rẹ̀. Ẹni bá ní bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yẹn, kò wò ó ni.

Àmọ́ góòlù mẹ́fà péré ló jẹ ní líìgì títí sáà yẹn fi parí. Mẹ́rin ti wà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo kà sílẹ̀ un. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Mourinho dé ní 2004, Drogba dé, ààyè há mọ́ ọn. Ní October, òun àti Mourinho fa ọ̀rọ̀ lórí pé ó fẹ́ lọ bá Ròmáníà kojú Czech. Mourinho ní ara rẹ̀ ò tíì yá, Mutu lọ, ó sì gbá a. Àbájáde àyẹ̀wò sì ti wà lọ́nà nígbà náà. Kòkéènì ni. Ní 28 October 2004, Chelsea já ìwé àdéhùn rẹ̀.

Ìtanràn nìyí: àjọ FA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù méje, kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 pọ́n-ùn. Ìyà kòkéènì tán síbẹ̀.

Gbèsè wá ńkọ́? Ọdún márùn-ún ni ìwé tí Mutu tọwọ́ bọ̀, ìyẹn oṣù 60. Ẹ pín mílíọ̀nù 22.5 sí 60, ẹ ó rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 375 yúrò lóṣù kan. Oṣù tó kù nínú ìwé nígbà tí wọ́n lé e jẹ́ 44. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 44, mílíọ̀nù 16.5 ni yóò fún yín géérégé. Owó tí Chelsea lọ bá FIFA pé àwọn ò tíì jẹ èrè rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi díẹ̀ kún un nínú owó tí wọ́n san fún aṣojú, wọ́n fi díẹ̀ kún un nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 330 pọ́n-ùn tí wọ́n fún Mutu alára nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ 17,173,990 yúrò. FIFA ní kó san án, May 2008. Èlé ìdá 5 nínú 100 lọ́dọọdún tún ń gorí ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi rèé: ká ní mo san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, mo sì lo ọdún kan àti díẹ̀, lánlọ́ọ̀dù wá hùwà tí n kò fi lè dúró níbẹ̀ mọ́, ṣebí n ó ní kó dá èyí tó kù padà? Òfin ní òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Lánlọ́ọ̀dù ló gba owó tèmi. Ta ló gba mílíọ̀nù 22.5? Parma ni! Yàtọ̀ sí owó ìtọwọ́bọ̀wé tó kéré yẹn, Mutu ò fojú kan kọ́bọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní kó dá padà. Ibi tó ti dùn mí nìyẹn, èmi tí mo jẹ́ ọmọ Chelsea títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ tún fi ti Bosnich wé e. Kípà Chelsea ni, kòkéènì kan náà, wọ́n lé e ní 2003. Kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Kí nìdí? Ọ̀fẹ́ ló bá wá láti Manchester United, kò sí owó tí wọ́n lè pín sí oṣù. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n rà ní owó gegere ni gbèsè dì mọ́ lọ́rùn. Bí ẹlòmíràn bá pe ìyẹn ní ìdájọ́ òdodo, kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo fi ń dá Chelsea lẹ́bi: kò sẹ́ni tó fipá mú wọn lé e. Oṣù méje kì í ṣe ọdún méje. Wọn ì bá jẹ́ kó jókòó, kí wọ́n wá tà á fún Ítálì. Ọ̀fẹ́ ni Juventus gbé e ní January 2005, kó tiẹ̀ tó jẹ ìyà rẹ̀ tán.

Mutu ò kàn gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá tó wà ní Lausanne, wọ́n ní kó san án, July 2009. Ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Switzerland, wọ́n lé e padà ní 2010. Ó wá dé ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, ó ní àwọn tó dá ẹjọ́ òun ní Lausanne kò dá dúró tó. October 2018 ni wọ́n tó dá a lóhùn: rárá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Chelsea lé e ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà.

Viola_Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Bàbá Sẹ́ńtà, ẹ kú àlàyé, ẹ kú agbára ìṣirò. Àmọ́ ẹ pa Mutu sí 2004, ẹ sì sin ín! Ìgbà tó dára jù láyé rẹ̀ ò tíì dé nígbà náà.

Èmi obìnrin yìí, Fiorentina, ẹgbẹ́ ìlú Florence ní Ítálì, ni mò ń ṣe látìgbà Batistuta. Ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín títí dòní, ó ní gbogbo ọjà Akẹ̀sán, èmi nìkan ni mo wọ elésè-àlùkò nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kó máa sọ.

Ní Juventus, líìgì méjì ni wọ́n gbà nígbà tí Mutu wà níbẹ̀, wọ́n sì gba méjèèjì lọ́wọ́ wọn nítorí pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ń bá àwọn tó ń yan rẹfirí dìmọ̀. Juventus balẹ̀ sí Serie B, líìgì kejì Ítálì, ní 2006, ni Prandelli, ọ̀gá rẹ̀ láti Parma, bá pè é wá sí Florence. Ọdún yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n ti yọ máàkì 19 lọ́wọ́ Fiorentina kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kankan, wọ́n wá dín in sí 15. Luca Toni jẹ góòlù 16, Mutu jẹ 16, a sì ṣe ipò kẹfà! Toni lọ sí Bayern lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ènìyàn ní ó ti parí fún wa. Mutu jẹ 17 ní líìgì, a ṣe ipò kẹrin. Ó lọ sí Eindhoven lọ́dọ̀ PSV nínú ìdíje UEFA, 2-0, òun ló jẹ méjèèjì. Rangers ló fi pẹ́náritì lé wa kúrò ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Ẹni tí kò rí i tó ń gba fíríkíìkì, mo káàánú rẹ̀. Kì í fi agbára lu ú. Yóò dúró, yóò fa ṣòkòtò sókè díẹ̀, yóò wá fi inú ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ́ ọ kọjá létí àwọn tó tò. Kípà á ti mọ ibi tó ń lọ, ọwọ́ ò kàn ní tó o ni.

Ìgbà tí inú rẹ̀ ń dùn jù níbẹ̀ ni ìwé FIFA lórí mílíọ̀nù 17 jáde. Lẹ́yìn náà ó tún kó ara rẹ̀ sí wàhálà: January 2010, àyẹ̀wò tún rí oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù lára rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n wá dín in sí mẹ́fà. Lórí èyí, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún ń tọwọ́ bọ ihò fún?

Àkànní, bí o bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin náà ṣe rí gan-an, lọ wo Ítálì àti Ròmáníà ní Zürich, 13 June 2008, ìdíje Euro. Zambrotta fi orí dá bọ́ọ̀lù padà sí kípà rẹ̀, kò lágbára tó, Mutu já sí àárín wọn, ó gbá a wọlé. 1-0. Kí a tó jókòó tán, Panucci dá a padà. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ròmáníà gba pẹ́náritì. Mutu ló gbà á. Buffon fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbé e dànù. Ká ló wọlé ni, kí ìyókù sì rí bó ṣe rí, Ròmáníà á ní máàkì mẹ́rin, Ítálì á ní mẹ́ta, Ítálì tó gba ife àgbáyé ní 2006 á dìde lọ sílé láti ìpele àkọ́kọ́. Ròmáníà ló lọ. Òun ló fún wọn ní ìrètí, òun náà ló gbà á padà lọ́wọ́ wọn, láàrin ìdajì wákàtí.

Àkànní_UnderG

Háà, ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá. Ẹ ṣé, Màmá. Mo ti wo fídíò ti Buffon yẹn báyìí, orí mi wú. Mo ti gba àmàlà mi lọ́wọ́ ọmọ Arsenal, àmọ́ ẹni tó ní Juventus ló san án kò gbà. Ó fi ìwé ìròyìn kan hàn mí lórí fóònù, ọdún 2013, FIFA ló sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

BàbáSẹ́ńtà_Tákíè

Kò purọ́, kò kàn ka ìtàn náà débi tó parí sí ni. Ní 2013, FIFA ní kí Juventus àti Livorno bá Mutu pín in rù. O ó béèrè pé báwo ni Livorno ṣe débẹ̀, nígbà tí Mutu kò wọ aṣọ wọn rí. Juventus ti lo gbogbo ààyè tí wọ́n ní fún agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ọmọ ìlú EU (àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù) lọ́dún tí wọ́n gbé e, Ròmáníà ò sì tíì wọ EU, ọdún 2007 ni wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n wá ní kí Livorno fi orúkọ tiwọn gbà á, kí wọ́n wá fà á lé Juventus lọ́wọ́. Ọgbọ́n àwọn ará Ítálì.

Òfin kan wà ní FIFA nígbà náà pé ẹgbẹ́ tuntun máa ń bá agbábọ́ọ̀lù ru gbèsè àdéhùn tó já. Chelsea di òfin yẹn mú. Ilé-ẹjọ́ Lausanne wá wò ó ní January 2015, wọ́n ní òfin yẹn wà fún agbábọ́ọ̀lù tó fúnra rẹ̀ sá kúrò nítorí pé ẹlòmíràn ń fi owó fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Chelsea ló lé eléyìí. Juventus kọ́ ló tàn án jáde. Wọ́n dá Juventus àti Livorno sílẹ̀, gbogbo ẹrù padà sí orí Mutu nìkan.

O rí i pé bí wọ́n ṣe lé e yẹn kò ràn án lọ́wọ́ níbì kankan. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó já àdéhùn, wọ́n ní òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Chelsea ló kọ ìwé ìlélọ. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá a gbé e, wọ́n ní Chelsea ló lé e, torí náà kò sẹ́ni tó máa bá a gbé e. Èmi ò kàwé òfin, àmọ́ ìyẹn ò bá mi lára mu.

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó gbé ẹran wá.

Blues_Owódé

Bàbá Sẹ́ńtà, mo gbà fún yín lórí ìtanràn àti gbèsè. Lórí pé kí wọ́n má lé e, n kò gbà o. Drogba ti wà nílẹ̀, a sì gba líìgì lọ́dún yẹn láìsí i. Ta ló sunkún? Ìbéèrè kan ló kù fún Màmá Viola: nínú Mutu àti Hagi, ta ni ọ̀gá? Mo gbọ́ pé iye góòlù kan náà ni wọ́n jẹ fún Ròmáníà.

Viola_Akẹ̀sán

Òótọ́ ni, 35 ni Hagi, 35 ni Mutu. Ìkẹtàdínlógójì... rárá, ìkarùndínlógójì yẹn, pẹ́náritì ni, lọ́dọ̀ Hungary ní March 2013. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 77 ni Mutu gbá, ti Hagi lé ní 120. Ká ní ó tún jẹ ẹyọ kan péré, òun nìkan ni ì bá wà lókè. Ẹ mọ ohun tó dí i lọ́wọ́? Lọ́dún yẹn kan náà, ó gbé àwòrán kan sórí Facebook tí wọ́n ti fi ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá Pițurcă rọ́pò ojú Mr. Bean. Pițurcă yìí náà ló wà níbi pẹ́náritì Zürich. Wọ́n lé Mutu kúrò nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè.

Ẹ bi mí ta ni ọ̀gá. Hagi ni. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni Hagi, ó sì tún jẹ iye tí atamátàsé jẹ, ó gbé Ròmáníà dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní ife àgbáyé 1994, ẹnikẹ́ni kò sì bá a já àdéhùn nítorí ohun tó fà sí imú. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n mú ẹni tó máa gba fíríkíìkì fún mi ní ìṣẹ́jú 90, n ó ronú dáadáa kí n tó dáhùn.

Lẹ́yìn Florence, ó kọjá ní Cesena, Ajaccio ní Faransé, ó padà sílé sí Petrolul Ploiești, ó tiẹ̀ dé Pune ní Índíà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni báyìí: ó ti tọ́ àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 21 Ròmáníà sọ́nà, ó ti ṣe Rapid Bucharest, ó ti ṣe CFR Cluj. Bí ọmọ kan bá fi ojú rẹ̀ rọ́pò ti Mr. Bean lórí Facebook báyìí, mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe fún un.